Aṣọ Tó Ń Fọhùn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àǹtí Fẹlíṣíà fi ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Ébùúté Mẹ́ta,
tí yóò jókòó, tí yóò mu omi, tí kò ní sọ nǹkan kan.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ló ní kí n mú téèpù mi dání,
ká jọ sọdá afárá lọ sí Bàlógún.
"Ọmọ yín wo ló ń ṣègbéyàwó?"
Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.
"Èmi ni."

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.
Akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
tí gbogbo àdúgbò mọ búláùsì eléérú rẹ̀ bí ẹni mọ owó.

Oòrùn kò tíì gun òrùlé nígbà tí a débẹ̀.
Ọmọkùnrin tó ń tajà lókè àjà kejì
bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì aṣọ bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún àlejò:
léèsì, kírépù,
sátínì tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀,
túùlù tó fúyẹ́ débi pé èémí lè gbé e lọ.
"Aláwọ̀ eyín erin rèé, ìyá ìyàwó.
Aláwọ̀ wúrà rèé, ìyá ìyàwó."
Ìyá ìyàwó kò dá a lóhùn.
Ìgbà tí mo máa wojú rẹ̀, ó ti dijú.

Ó fún sátínì pọ̀ lọ́wọ́, ó tú u sílẹ̀. "Èyí yadi."
Ó gbé kírépù sétí. "Èyí náà yadi."
Ó fi àtàǹpàkò wọ́ ojú léèsì
bí ẹni ń ṣa eegun ẹja fọ́mọdé.
"Òdòdó inú èyí tẹ́ jù. Ta ló máa rí i kà?"
Ọmọkùnrin náà wò mí. Èmi náà wo àjà.

Mo ti ránṣọ fún ìyàwó ju ọgọ́rùn-ún lọ.
Mo mọ èyí tó ń yan aṣọ nítorí fọ́tò,
mo mọ èyí tó ń yan án nítorí ojú ìyá ọkọ,
mo mọ èyí tó ń yan án kí oyún oṣù mẹ́rin má baà hàn.
N ò tíì rí èyí tó ń bi aṣọ léèrè ọ̀rọ̀.
Wọ́n ní aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn;
mo ti rò pé ojú nìkan la fi ń kí i.

Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àpò tí eruku bò,
ni táfẹ́tà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè mọ́.
Ó fà á yọ. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan.
Ṣàà.
Ó tún gbọ̀n ọ́n. Ṣàà, ṣàà,
bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ lásìkò ọyẹ́.
Ẹ̀rín tó rín, n ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.
"Ẹ gé yáàdì mẹ́fà."
Olóòótọ́ lọmọkùnrin yẹn, ó nàka sí etí aṣọ:
"Ìyá, ẹ wò ó o, ibí yìí ti ṣá."
"Ẹni mo ń rà á fún kò ní bá mi jà sí i."

Àtẹ̀gùn ilé náà ṣókùnkùn. Ó di apá mi mú.
"Ìbídàpọ̀ kò ríran mọ́," ó ní,
"láti ọdún tó kọjá.
Bó bá dúró níwájú àlùfáà,
mo fẹ́ kó gbọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì,
kó máa ka ìṣísẹ̀ mi bọ̀,
kó má baà bi ẹnikẹ́ni pé, 'Ṣé ó ti dé?'"
Lẹ́yìn náà ló wá ń ṣàròyé owó tí wọ́n gbà lórí léèsì apá,
èyí tí òdòdó rẹ̀ wú síta bí èékánná ọmọ ọwọ́.

Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ. N ò tan àtùpà.
Mo tẹ́ táfẹ́tà náà sórí itan,
mo ń fọwọ́ wá ojú rẹ̀, mo ń fọwọ́ wá ẹ̀yìn rẹ̀.
Ọkọ mi pariwo láti inú yàrá:
"Kí ló ń dún yẹn?"
Mo ní, "Ìyàwó ni."